Ẹ Ṣí Páálí Yẹn fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Kánò, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Sókótó àti gbogbo Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn wa láti ìgbà ìpàdé oṣù tó kọjá. Wọn ò jẹ́ ká sọ ọ́ tán níbẹ̀, a máa sọ ọ́ tán níbí. Àwa tí à ń kọ ọ́ yìí, ọmọ ìyá mẹ́rin ni wá. Sabon Gari ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ náà la ṣì ń gbé.

A gbé agolo kan lọ sí ìpàdé. Agolo mílíìkì ńlá ni, etí ẹ̀ ti dípẹtà. Inú ẹ̀ ni bíríkì oníke tí a fi ṣeré ní kékeré wà, àwọn bíríkì LEGO tí èèyàn fi ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú. A ní ká fún àwọn ọmọ tó ń wá kọ́ Yorùbá láàárọ̀ Sátidé ní wákàtí kan péré, kí wọ́n máa fi kọ́ nǹkan, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ṣe ni àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "A ò rán ọmọ wá síbí kí wọ́n wá ṣeré." Ẹlòmíì mú bíríkì kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ṣé ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta irú èyí l'Ámẹ́ríkà báyìí? Ẹ̀ bá ti tọ́jú páálí ẹ̀!" Bí wọ́n ṣe pa ọ̀rọ̀ tì nìyẹn tí wọ́n bọ́ sórí owó oṣooṣù.

Ó dùn wá, ká má parọ́. Ká tiẹ̀ wá sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́.

Iléeṣẹ́ LEGO wà ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Billund, ní orílẹ̀-èdè Denmark. Káfíńtà ni ẹni tó dá a sílẹ̀ ní 1932, Ole Kirk Kristiansen, igi ló sì kọ́kọ́ fi ń ṣe ohun ìṣeré. Bíríkì tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, 1958 ni wọ́n gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí. Nígbà tó di 1978 ni ti òfuurufú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Jens Nygaard Knudsen ni orúkọ ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀. Òun náà ló wà nídìí ọmọláńgidi kéékèèké tó ń mi apá mi ẹsẹ̀, tó jáde lọ́dún kan náà. Ọdún 2020 ni baba náà kú.

Èyí tí àbúrò bàbá wa mú ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ni ọkọ̀ tó lórúkọ jù nínú wọn, Galaxy Explorer, tó jáde ní 1979. Nọ́ńbà 928 ló wà lára páálí tiwa, àwọn ará Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n sí 497. Bíríkì 338 ló wà nínú ẹ̀. Ọkọ̀ náà jẹ́ àwọ̀ búlúù àti àwọ̀ eérú, gíláàsì ẹ̀ yẹ́lò, ó ń dán bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé sójú oòrùn. Ẹ̀yìn ẹ̀ máa ń ṣí, mọ́tò kékeré kan á sì yọ jáde níbẹ̀. Ilé kékeré tó ní rédà wà pẹ̀lú ẹ̀, àti ilẹ̀ òṣùpá tó rí gbágungbàgun. Èèyàn mẹ́rin ni wọ́n, funfun méjì, pupa méjì, àmì pílánẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ góòlù wà láyà gbogbo wọn, gbogbo wọn ló sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bákan náà.

Màmá wa fẹ́ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Ẹ̀yin náà mọ kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, àbí? Èyí tó wà nínú pálọ̀ gbogbo wa, tí àwo tí ẹnikẹ́ni ò fi jẹun rí wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú ife tí wọn ò fi mu omi, àti ọmọláńgidi tó ṣì wà nínú ọ̀rá títí dòní. Ohunkóhun tó bá ti òkè òkun dé, ibẹ̀ ló ń lọ. Àlejò á rí i, ọmọ tí wọ́n rà á fún á máa wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Bàbá wa ló kọ̀. Rélùwéè ló ń bá ṣiṣẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn mú ọ̀bẹ, ó la páálí náà, ó sì da gbogbo ẹ̀ sórí ẹní.

Ní ojúlé kejì sí tiwa, ọ̀rẹ́ wa kan náà gba irú ẹ̀ lọ́dún yẹn, kékeré inú wọn. Tiwọn wọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé wa ni ọmọ náà ti ń wá ṣeré. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, ó ti ní ọmọ, páálí náà ṣì wà ní pálọ̀ bàbá ẹ̀ bí wọ́n ṣe rà á. Kò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀ rí. Ìyẹn ni wọ́n sì ń pè ní ìtọ́jú nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká wá dá ẹni tó ní eré lásán ni lóhùn. Àwọn ọmọ wa ń sọ Haúsá ní títì, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé, Yorùbá wọn ò ju "ẹ káàárọ̀" àti "mi ò fẹ́" lọ. Ní Sátidé, wọ́n á ka a, b, d tán, wọ́n á kọrin kan, wọ́n á lọ sílé. Ta ni wọ́n fẹ́ fi Yorùbá yẹn bá sọ̀rọ̀, lórí kí ni? Nígbà tí a ṣí agolo yìí fáwọn ọmọ wa ní họlidé tó kọjá, nǹkan tí etí wa gbọ́ lọ́jọ́ kejì nìyí: "Bọ̀dá, fún mi ní búlúù oníkókó mẹ́jọ." "Kì í ṣe ìyẹn, èyí tó pẹlẹbẹ." "Yí i sápá òsì, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó ti wọlé!" Kókó ni àwa máa ń pe àwọn nǹkan róbótó orí bíríkì náà ní kékeré, orúkọ yẹn náà làwọn ọmọ ń lò báyìí. Èyí àbíkẹ́yìn gbàgbé ara ẹ̀, ó ń pariwo "kawo, kawo," ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sì sọ fún un pé kí ó sọ pé "mú un wá" kó tó lè rí i gbà. Ó sọ ọ́. Ebi bíríkì ló ń pa á, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Àwọn fúnra wọn ń wá orúkọ sí nǹkan. Ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, wọ́n ní "ojúkò dírẹ́bà." Ibi tí iná ti ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n jà sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó fẹnu kò sí "ìdí-ẹfin." A ò kọ́ wọn. Ọdún mẹ́ta ni díẹ̀ nínú wọn ti ń wá síbi ẹ̀kọ́ Sátidé, a ò gbọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá rí.

Ẹ má sì rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n ń kọ́ lákọ̀ọ́túnkọ́. Tí ẹ bá mú bíríkì oníkókó mẹ́jọ mẹ́fà péré, aláwọ̀ kan náà, ọ̀nà tí ẹ lè gbà so wọ́n pọ̀ jẹ́ 915,103,765. Kì í ṣe àsọdùn, wọ́n ti ṣírò ẹ̀. Lẹ́yìn àwọn páálí ayé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń ya àwòrán àwọn nǹkan míì tí èèyàn lè fi bíríkì inú ẹ̀ kọ́, wọn ò sì ní kọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ sínú ìwé ìlànà. Wàá wo àwòrán, wàá fi orí ara ẹ wá a. Ìrọ̀lẹ́ mélòó la fi jókòó ti ẹ̀yìn páálí yẹn! Láti 1999 tí Star Wars ti wọ inú ẹ̀, ọkọ̀ inú fíìmù ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́, tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ó ti parí, ó di ohun àgbékalẹ̀. A ò sọ pé ìyẹn ò dára o. Kì í kàn ṣe ohun tí à ń sọ nìyẹn.

Ohun míì tún wà, òun la fẹ́ràn jù. Láwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn, kò sí ìbọn nínú ẹ̀, kò sì sí ọ̀tá. Wọ́n kàn lọ sí òṣùpá ni, wọ́n ń wo òkúta, wọ́n ń tún mọ́tò ṣe. Ó di 1987 kí àwọn aláṣọ dúdú tí wọ́n ń pè ní Blacktron tó dé. Ní 1989, ọlọ́pàá òfuurufú tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àhámọ́ tí wọ́n máa tì wọ́n mọ́. Ṣé ẹ rí i, kíá lọ̀rọ̀ di tiwa àti tiwọn! Ọmọ tó ń dàgbà nírú ibi tí a wà yìí ti gbọ́ "tiwa" àti "tiwọn" tó. Ẹ jẹ́ kó rí eré kan ṣe tí ẹnikẹ́ni ò sá fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀.

Àwọn kan á ní, kí ló kan ará Kánò nínú òfuurufú? Ó kàn wá dáadáa. Nígbà tí John Glenn ará Amẹ́ríkà yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì 1962, Kánò yìí wà lára àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń tọpa ọkọ̀ ẹ̀, tí wọ́n sì ti bá a sọ̀rọ̀ lójú òfuurufú. Bàbá wa kì í yéé sọ ọ́ fún wa. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, NigeriaSat-1, sátẹ́láìtì orílẹ̀-èdè wa, gbéra láti Rọ́ṣíà. Ẹni tó bá ní òyìnbó nìkan ló ni ọ̀run, kó bi Kánò léèrè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, òun ló sì le jù, torí owó kì í ṣe nǹkan à ń fi ṣẹ̀fẹ̀ lásìkò yìí. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ máa ń san owó gidi lórí páálí tí wọn ò ṣí. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló sọ ọ́ di olówó? Ní 2022, nígbà tí LEGO pé 90 ọdún, wọ́n tún Galaxy Explorer ṣe. Bíríkì 1,254 ni tuntun náà, nọ́ńbà ẹ̀ sì ni 10497. Ẹ wo ìparí nọ́ńbà yẹn, 497 àtijọ́ ló jókòó síbẹ̀. Ọdún méjìdínlógún sókè ni wọ́n kọ sára páálí. Àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún, àwọn tó fi ti àkọ́kọ́ ṣeré títí bíríkì fi sọnù. Akoto àwọn ọmọláńgidi àtijọ́ yẹn, okùn àgbọ̀n ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù LEGO ní 2014, wọ́n fi ọ̀kan tí akoto ẹ̀ ti ṣẹ́ síbẹ̀, aláṣọ búlúù, Benny lorúkọ ẹ̀. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín torí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ṣeré ló mọ̀ ọ́n. Ká ní gbogbo èèyàn ti tirẹ̀ mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ta ni ì bá máa wá a kiri lónìí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi pa mọ́, ìfẹ́ tí àwa tí a là á ní sí i lẹ fẹ́ tà.

Bíríkì 1979 yẹn ṣì ń wọnú èyí tí wọ́n ṣe lánàá. A gbìyànjú ẹ̀ nílé, wọ́n dì mọ́ra pinpin. Nínú 338, a ka 291. Gíláàsì yẹ́lò kan ti lọ, èèyàn funfun kan ò lápá mọ́, àbúrò wa obìnrin ṣì ń sọ pé ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, a ò tíì gbà á gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ yẹn tún dìde lórí ẹní lẹ́yìn bí ogójì ọdún. Àwọn ọmọ fi bíríkì pupa àti àwọ̀ ewé tí wọ́n rí níbòmíì dí ibi tó kù, ó rí wúruwùru, inú wọn sì dùn.

Bàbá tó wà lójúlé kejì, a mọ̀ pé wọ́n á ka èyí fún yín. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ máa ń pín àkàrà fún wa nígbà yẹn, a ò lè bú yín. Ẹ ní kí wọ́n gbé páálí yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ yín ò lè fi ṣeré mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọmọ yín wà níbí, wọn ò gbọ́ Yorùbá tẹ́ ẹ bá ń bá wọn sọ ọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún wa. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní oníkókó mẹ́rin.

Gbọ̀ngàn ìpàdé ò gbà wá, kò burú. Láti Sátidé tó ń bọ̀, báráńdà ilé wa ni, aago mọ́kànlá, tí ẹ̀kọ́ bá ti parí. Ẹ mú bíríkì tẹ́ ẹ bá ní wá, ì báà jẹ́ ayédèrú inú ọjà, tó bá ti ń dì mọ́ra, ó ti tó. Ẹ má mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta sún mọ́ ọn, torí wọ́n lè gbé e mì. Ẹní wà, omi tútù wà. Ọmọ tó bá fi Yorùbá béèrè ni wọ́n máa kọ́kọ́ dá lóhùn.