Ẹ Gbé Báàṣì Sórí Ìwọ̀n Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀, Pọ́bẹ̀, Ṣakété, Ìfọ̀nyìn àti Àjàṣẹ́, àti ẹ̀yin ará wa ní Tógò, ọ̀rọ̀ báàṣì la gbé wá lónìí, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní tapólì. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Oúnjẹ ilé wa àti ara àwọn ọmọ wa wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ lọ́jà tí a kò gbà rárá: “Báàṣì ni báàṣì, èyí tó bá dínwó ni kí n mú.” Irọ́ ni. Ẹlẹ́ran ń gbé ẹran sórí ìwọ̀n. Aláṣọ ń fi ọ̀pá wọn aṣọ. Alágbàdo ń fi ọpọ́n wọn àgbàdo, ẹni tó ń rà á sì ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀ kó má baà fi í jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ohun tí yóò bo gbogbo ọjà yẹn nígbà tí ìjì bá dé, ojú lásán ni wọ́n fi ń rà á. Kí ló dé?

Àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ojú lẹ fi ń rà. Wọ́n ti ká a pọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n sì ti dì í sínú ọ̀rá. Ohunkóhun tí a bá ká pọ̀ bẹ́ẹ̀ á nípọn lọ́wọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ń dán, ẹ sì rò pé ó lágbára. Àwọ̀ búlúù kò sọ ohunkóhun fún yín, àwọ̀ ewé kò sọ ọ́. Ìwọ̀n ló ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò. Báàṣì tó gùn ní mítà 6, tó fẹ̀ ní mítà 4, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 24. Bí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 200 gíráàmù, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ kílò 4 àti gíráàmù 800. Bí ó bá jẹ́ 60 gíráàmù péré, gbogbo rẹ̀ kò ní pé kílò kan ààbọ̀. Àwọn méjèèjì lè ní àwọ̀ kan náà, kí nọ́ńbà kan náà sì wà lára ọ̀rá wọn. Báàṣì tí àwọn àjọ aláàánú àgbáyé ń pín fún àwọn tí omíyalé lé kúrò nílé, mítà 4 sí 6 náà ni, ìwọ̀n rẹ̀ sì sún mọ́ 200 gíráàmù yẹn. Wọn kò fún ẹni tí kò nílé ní èyí tó fẹ́lẹ́. Kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń fi owó ara yín ra èyí tó fẹ́lẹ́?

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n. Ìwọ̀n kò wọ́n ní ọjà wa. Ẹni tó bá kọ̀ láti gbé e lé ìwọ̀n ti dá yín lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú u. Ẹ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n, torí pé ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá sábà máa ń tóbi ju báàṣì lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣẹ́ etí rẹ̀. Ẹ wo etí yẹn: ṣé okùn wà nínú rẹ̀? Ẹ fi ìka méjì fa àwọn òrùka irin tí okùn ń gbà kọjá. Bí òrùka bá yọ lọ́wọ́ yín nínú ìsọ̀, kí ni ìjì yóò fi í ṣe?

Ìdí tí a fi ń pariwo nìyí. Lápá gúúsù Bẹ̀nẹ̀, òjò àkọ́kọ́ máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù keje. Àsìkò tí òjò yẹn kò tíì dá tán ni àgbàdo rẹ̀ ń gbó. Àgbàdo tí a kò tètè gbẹ, tí òjò tún pa, á bu, inú àgbàdo tó bu ni májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin ti ń wá. Síse lásán kì í lé e kúrò. Ní ọdún 2002, British Medical Journal gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ 480 wò, láti ọmọ oṣù 9 dé ọmọ ọdún 5. Nínú ọmọ 100, wọ́n rí àmì májèlé yìí lára 99. Àwọn ọmọ tó kúrú tàbí tó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ ọjọ́ orí wọn ni ó pọ̀ lára wọn jù. Ọmọ tiwa ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ ará òkèèrè.

A ò sọ pé báàṣì nìkan lè lé májèlé yìí tán o. Inú oko ni ó ti lè bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n báàṣì tó dára ń ṣe iṣẹ́ méjì: òun lẹ ó sá àgbàdo lé dípò ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àti etí títì, òun náà lẹ ó sì fi bò ó bí òjò bá ṣú. Ẹ má ṣe bo àgbàdo tútù pa mọ́ lábẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, nítorí á làágùn, á sì bu. Bí òjò bá dá, ẹ ṣí i.

Bí ẹ bá sì fẹ́ ta á sókè bí òrùlé, ẹ má ṣe ta á pẹrẹsẹ. Òjò tó jẹ́ mìlímítà kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, omi lítà kan ni. Mìlímítà 20 lórí báàṣì 24 yẹn jẹ́ lítà 480, ó sún mọ́ ìdajì tọ́ọ̀nù. Igi wo ló fẹ́ gbé e? Ẹ ta okùn sáàárín igi méjì, kí báàṣì gun orí rẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dagẹ̀rẹ̀ dáadáa. Omi tún máa ń tọ okùn wọlé. Ẹ so àkísà mọ́ okùn náà kó tó dé abẹ́ báàṣì, ibẹ̀ ni omi yóò ti máa kán sílẹ̀. Ẹni tó ń sùn lóko, ì báà jẹ́ lórí ẹní tàbí nínú aṣọ tí a so sáàárín igi méjì, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ àkísà yẹn lóru.

Àwọn kan á ní, “Owó dà?” A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ra fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́dọọdún ló ń náwó jù, torí oòrùn á tètè jẹ ẹ́, á sì máa fà ya. Ṣebí à ń dá èsúsú fún aṣọ ẹbí? Ilé mẹ́ta lè dáwó ra báàṣì gidi kan. Àwọn mìíràn á ní ìjọba ló yẹ kó bo ọjà, kó sì kọ́ ibi ìságbàdo. Òtítọ́ ni, kí a máa bèèrè lọ́wọ́ wọn láìsinmi. Ṣùgbọ́n òjò kì í dúró de ìjọba. Eji ò mẹni ọ̀wọ̀.

Ẹ ka èyí sétí ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń lọ sọ́jà lọ́la. Kí wọ́n má bèèrè “Èló ni?” kí wọ́n tó bèèrè “Kílò mélòó ni?”