Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: ẹ má fi ìwé èsì dẹ́rù ba ọmọ yìí

Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀ o. Ẹni tó bá ń kánjú, kó kọ́kọ́ lọ jẹun.

Lálẹ́ Jímọ̀ tó kọjá, àbúrò kan pè mí láti Mẹ́kà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí digírì àkọ́kọ́ nínú Usul al-Fiqh, ó sì fẹ́ lọ ka fìlọ́sọ́fì ní Amẹ́ríkà. Ó ní òun ò kọ fọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa ti sọ fún un pé: "Kọ́ọ̀sì fìlọ́sọ́fì mélòó lo ṣe? Òdo! Má fi owó fọ́ọ̀mù ṣòfò." Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò tọ̀nà.

Àkọ́kọ́, níbo lẹ fẹ́ kó ti rí kọ́ọ̀sì náà ṣe? Oṣù Kejìlá 2018 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Saudi níbí ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé wọ́n máa fi fìlọ́sọ́fì kún ẹ̀kọ́ ilé-ìwé girama. Oṣù Kejìlá 2021 ni wọ́n ṣe ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ lórí ẹ̀ ní Riyadh. Wọn ò gbé oúnjẹ síwájú ọmọ, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tí kò jẹun.

Ìkejì, ọmọ yìí ò ṣófo. Láti ilé kéwú ló ti ń ka manṭiq. Isaghuji tó kà, tí al-Abhari kọ, orúkọ ìwé Porphyry, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, ló ń jẹ́, ìwé tí wọ́n fi ń mú èèyàn wọ ẹ̀kọ́ Aristotle. Usul al-Fiqh tó wá ṣe ńkọ́? Òfin ní ọtí èso àjàrà ò dáa. Ẹmu tiwa ńkọ́? Tí a bá ní nítorí pé ó ń pani ni, báwo la ṣe mọ̀ pé pípa tó ń pani ló fà á, tí kì í ṣe àwọ̀ rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀? Kí ló jẹ́ kí ìdí kan borí òmíì? Ẹ̀gbọ́n, tí ìyẹn ò bá jẹ́ fìlọ́sọ́fì, kí lorúkọ ẹ̀?

Àwọn kan tún máa ń fi al-Ghazali dẹ́rù bà wá. Ẹ jẹ́ ká ka ìtàn ẹ̀ dáadáa. Ní 1091 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Nizamiyya ní Baghdad. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ bí ọ̀ọ́dúnrún lọ́rùn. Àárín ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀ ló fi ka ìwé àwọn onífìlọ́sọ́fì fúnra ẹ̀, láìní olùkọ́, kò tó ọdún méjì. Ó tún fi bí ọdún kan rò ó, kó tó kọ ìwé tó fi takò wọ́n. Kọ́ọ̀sì mélòó nìyẹn? Wittgenstein ńkọ́? Iṣẹ́ ẹnjiníà ló kà ní Berlin àti Manchester kó tó lọ bá Russell ní Cambridge ní 1911.

Ṣùgbọ́n n ò ní tan àbúrò mi. Èmi náà kọ fọ́ọ̀mù lọ́jọ́sí, iléèwé méjì, wọn ò gbà mí ní ìkankan. Inú bí mi nígbà yẹn. Lónìí, mo mọ̀ pé ẹ̀bi tèmi pọ̀ níbẹ̀. "Usul al-Fiqh 1, 2, 3" ni mo fi ránṣẹ́, n ò ṣàlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀. Àròkọ mi, "lágbájá sọ báyìí, tàmẹ̀dù sọ báyìí" ni látòkèdélẹ̀. Èrò tèmi dà? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Torí náà, àbúrò, àròkọ yẹn ni kó o fún lágbára jù: ìbéèrè kan ṣoṣo, èsì tìẹ, ohun tí alátakò máa sọ, àti ìdáhùn ẹ. Ọ̀rọ̀ ẹmu yẹn gan-an tó o. Ní kí olùkọ́ ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ohun báyìí báyìí lẹ kà. Má sáré lọ sí PhD tààrà. Másítà wà tó wà fún irú ẹ. Ti Tufts lókìkí fún gbígba ẹni tí kò ka fìlọ́sọ́fì púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù náà, ọ̀pọ̀ iléèwé máa ń dárí ẹ̀ jini téèyàn bá béèrè.

Òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n: àlàfo wà. Ọmọ yìí ò tíì ka Kant, kò mọ lọ́jíìkì òde òní. Á kọ́ ọ. Ohun téèyàn lè kọ́ ni. Ohun tí kò rọrùn láti kọ́ ni Lárúbáwá àti ọdún méjìlá nílé kéwú. Wọ́n ń jókòó sọ̀rọ̀ al-Ghazali níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó lè ka ìwé ẹ̀ bó ṣe kọ ọ́ ò pọ̀ láàárín wọn. Ṣé àwa la ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ wa?

Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kìíní ni ọ̀pọ̀ iléèwé ń gba fọ́ọ̀mù dá. Lọ́jọ́bọ̀, ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀ wá sí Jeddah, a ó jọ ka àròkọ náà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ẹ wá. Ẹ jókòó síbi alátakò. Ẹ ò ṣáà ṣòro láti takò ni, ẹ jẹ́ ká lò ó fún un.

Ire o.