Ẹni Tó Fara Pamọ́ Sẹ́yìn Kì Í Ṣe Ojo

Gbogbo ìgbà tí oṣù Kẹta bá ti wọlé, tí àwọn eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́-kan bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, Milan–San Remo, Tour of Flanders, Paris–Roubaix, Liège–Bastogne–Liège, àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí ní Dublin á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. “Àwọn èèyàn yìí ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́, ara wọn ni wọ́n kàn ń wò!” Wọ́n á ní ẹni tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíì, tí kò fẹ́ bọ́ síwájú, ojo ni, ọ̀lẹ ni. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, negative racing ni wọ́n ń pe irú eré bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà pé ojo ni.

Atẹ́gùn ni ká kọ́kọ́ sọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí èèyàn bá ti ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ atẹ́gùn nìkan ló ń bá jà. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìtakò atẹ́gùn á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ mú wá á sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ẹni tó ń sá 40 tó fẹ́ sá 45, márùn-ún péré ló fi kún un o, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń ja atẹ́gùn á fi ohun tó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, tí táyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, eré kan náà lòun náà ń sá, àmọ́ iye tó ń san kéré. Ní 2018, Bert Blocken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Eindhoven gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe é, wọ́n sì tún fẹ́ atẹ́gùn gidi lu àwòrán kéékèèké, láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀wọ́ èèyàn 121 lórí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn, ìtakò tó kàn án kò ju nǹkan bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹni tó dá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.

Agbára wá dà bí owó. Ẹni tó ń gba atẹ́gùn níwájú ń ná an, ẹni ẹ̀yìn ń tọ́jú tiẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 250, ẹni tó ṣì lówó lápò ló máa rajà.

Ẹ wá wo ọmọ ìlú yìí, Stephen Roche, ọmọ Dundrum. Ní 1987 ó gba Giro d'Italia, ó gba Tour de France, ó tún gba ìdíje àgbáyé. Ọkùnrin mẹ́ta péré ló tíì ṣe é nínú ọdún kan ṣoṣo: Eddy Merckx ní 1974, Roche, àti Tadej Pogačar ní 2024. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 1987 yẹn kan náà, ní Liège–Bastogne–Liège, òun àti Claude Criquielion ará Bẹ́ljíọ̀mù ti fi gbogbo èrò sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn méjì péré, ìparí ti dé tán. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Roche ò fẹ́ gbé Criquielion dé ibi ilà kí onítọ̀hún wá yọ sí i lẹ́yìn. Criquielion náà ò fẹ́ gbé Roche. Eré wá di ìrìn. Moreno Argentin, ará Ítálì tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kò ní ẹni tó ń wò ní tiẹ̀. Ó lé wọn bá nígbà tí kò ku nǹkan kan mọ́, ó kọjá lára wọn, ó gba eré náà. Roche ṣe ipò kejì. Títí tó fi fẹ̀yìn tì, kò gba ọ̀kankan nínú àwọn eré ọlọ́jọ́-kan márùn-ún tó tóbi jù, ìyẹn mẹ́rin tí mo dárúkọ lókè àti Il Lombardia.

Àwa tá à ń kọ sọ́fíwíà mọ irú èyí dáadáa. Deadlock là ń pè é: ètò kan di nǹkan mú, ó ń dúró de ìkejì, ìkejì náà di nǹkan mú, ó ń dúró de àkọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá bi kálukú wọn léèrè, àlàyé tó mọ́gbọ́n dání ló máa ṣe fún yín, síbẹ̀ iṣẹ́ ti dúró gbagidi. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè pe Roche ní ojo. Ìṣirò ló ṣe. Ẹni kẹta ni kò sí nínú ìṣirò náà.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Argentin yìí kan náà bọ́ sọ́wọ́ ará Ireland mìíràn, Sean Kelly, ọmọ Carrick-on-Suir. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1992 ni, Milan–San Remo, eré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 300. Argentin já lọ lórí Poggio, òkè tó kẹ́yìn. Kelly, ẹni ọdún 35, sọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà bí òkúta tó já, ó sì lé e bá nísàlẹ̀. Argentin ju ọwọ́ sí i: ó yá, bọ́ síwájú, gba atẹ́gùn díẹ̀. Kelly ò lọ. Èrò ń bọ̀ lẹ́yìn o! Kelly ò lọ. Argentin ò rí nǹkan ṣe ju kó máa fà lọ, Kelly sì yọ sí i ní ìparí, ó gbà á.

Kí ló wá yàtọ̀ sí ti Liège? Kelly ti gba eré yìí rí, ní 1986. Argentin ò gbà á rí. Tí èrò bá sì lé wọn bá, Kelly tó mọ eré àsápajúdé sá ṣì lè rí nǹkan mú. Argentin tó ti ná tiẹ̀ tán lórí òkè, kí ló fẹ́ fi sá? Ẹ̀rù ń ba àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti Argentin pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ ayò ta mọ irú ìyẹn: ó kó ọmọ ayò jọ sójúlé kan, kò fọwọ́ kàn án, títí ẹnìkejì ò fi ní ibòmíì tó lè ta. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ojo nílé wa.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ikọ̀ ti wọlé nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń bá àwọn ọ̀dọ́ díje ní Phoenix Park. Ẹ̀gbọ́n mi á dúró létí títì, á máa pariwo pé, “Bọ́ síwájú! Ṣé o ò jẹun ni?” Ọmọ náà sọ fún un lẹ́yìn eré pé, “Dádì, ẹ má bínú, ọmọ ikọ̀ wa ló ti wà níwájú lọ́hùn-ún. Tí mo bá fà, mò ń gbé àwọn ọ̀tá lọ bá a nìyẹn.” Ọ̀rọ̀ tán. Ohun tí Kelly ṣe fún Roche gan-an nìyẹn ní Villach ní Austria, ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án 1987, níbi ìdíje àgbáyé. Roche ti bá àwọn kan lọ síwájú, Kelly dúró ti Argentin lẹ́yìn, kò sì fà. Roche já lọ nígbà tó ku díẹ̀, Argentin sáré dé, ó pẹ́ jù, ipò kejì ló rí. Èèyàn márùn-ún péré ni Ireland kó wá.

Èyí tí kò dùn mọ́ mi nínú ni ti ikọ̀ olówó tó ń kó gbogbo ọmọ rẹ̀ síwájú, tí wọ́n á máa sá eré tó le débi pé kò sẹ́ni tó lè já lọ. Àwọn yẹn ò fara pamọ́ rárá, iwájú ni wọ́n wà, àmọ́ àwọn gan-an ló ń pa eré lójú mi. UCI, àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, dín ikọ̀ kù láti mẹ́jọ sí méje ní àwọn eré ọlọ́jọ́-kan ńlá ní 2018. Tó bá jẹ́ tèmi, márùn-ún ni wọn ì bá mú un dé, bíi ti Ireland ní Villach.

Ẹ wá lọ wo ìparí Tour of Flanders ti 2022 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mathieu van der Poel wà níwájú, Pogačar wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì dẹ eré, wọ́n ń wo ara wọn. Dylan van Baarle àti Valentin Madouas yọ lẹ́yìn wọn gẹ́lẹ́ bíi ti Argentin. Van der Poel, tó wà níwájú nínú atẹ́gùn, ló gbà á. Wọ́n há Pogačar mọ́ àárín, ipò kẹrin ló ṣe. Ẹ kọ̀wé sí wa: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Pogačar, ìgbà wo lẹ máa bọ́ síta?