Ta Ló Wà Lábẹ́ Sìmẹ́ǹtì Yìí?



Aláàfin mẹ́rin ló sùn sí Igbó Ọba nílùú wa, Ìgbòho: Ọ̀fínràn, Eégúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Ó ti lé ní 400 ọdún. Síbẹ̀ orúkọ wọn kò kúrò lẹ́nu. Ẹ wá wo ibojì àwọn bàbá àti ìyá wa ní àgbàlá ilé àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ wà lára sìmẹ́ǹtì, ọdún ikú wà níbẹ̀, "Sùn re o" náà wà níbẹ̀. Ẹ bi ọmọ ilé pé iṣẹ́ wo ni bàbá yìí ṣe. Á ní, "Wọ́n ní wọ́n gbé Gánà rí." Ó tán síbẹ̀.

Gánà ibo? Kùmásì ni àbí Támálè? Kí ni wọ́n ń tà, ta ló kọ́kọ́ mú wọn dé ọjà? Ọmọ Ìgbòho, Ìgbẹ̀tì àti Ṣakí nájà níbẹ̀ títí wọ́n fi kọ́lé, tí wọ́n bímọ. Ní November 1969 ni ìjọba Gánà lábẹ́ Busia ní kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan kó ìwọ̀nba ohun tọ́wọ́ wọn tó, wọ́n forí lé ilé. Wọ́n fi òkú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

A fẹ́ ṣàkọsílẹ̀ àwọn ibojì ìlú wa àti ìtàn àwọn tó wà nínú wọn. Ẹ̀bẹ̀ wa rèé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà ní Gánà, ẹ yẹ ara ògiri àti ìdí àpótí wò fún kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àtijọ́, èyí tí àwòrán àwọn àgbà tò sí. Ẹ yà á ní fọ́tò kí ikán tó jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, nígbà tẹ́ ẹ bá tún pe màmá, ẹ má bèèrè owó ata nìkan. Ẹ ní kí wọ́n ki bàbá wọn, kẹ́ ẹ sì gba ohùn náà sílẹ̀. Oríkì ló ń sọ orílẹ̀ àti ìṣe èèyàn. Òkúta ò mọ̀ ọ́n.

Wíwó tí à ń wó ilé alámọ̀ láti kọ́ tuntun máa ń pa ibojì rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán ibojì kí táílì tó bò ó. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù, torí oòrùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ tàn máa ń gbé lẹ́tà tó ti parẹ́ jáde. Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi àdá ha á.

Ibojì Mùsùlùmí kì í sábà ní àkọlé, nítorí náà ẹ̀rí ẹnu yín gan-an la fẹ́. Ẹbí tí kò bá sì fẹ́, a kò ní wọ àgbàlá wọn.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ náà, nígbà tí koríko bá ti jó. Ẹ fi àwòrán àti ohùn ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ ọmọ Ìgbòho lọ́dọ̀ yín ṣáájú ìgbà náà. Ẹ má tíì fowó ránṣẹ́.