Òótọ́ Àbọ̀ Ń Pa Àwọn Èèyàn Wa

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó bínú sí mi.

Ìwàásù kan wà tí àwọn kan nínú àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run ń wàásù rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó bá ní jẹjẹrẹ ọmú tàbí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ má gbà kí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú òun. Wọ́n ní radiation tó ń pa jẹjẹrẹ kan ló ń gbin òmíràn sínú egungun. Wọ́n á wá ní kí aláìsàn wá jókòó sílé àdúrà, kó máa mu omi, kó máa mu àgbo.

Mo lòdì sí i pátápátá. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́ látòkè délẹ̀. Ká ní irọ́ gidi ni, à bá ti já a tipẹ́. Òótọ́ tí wọ́n gé ìdajì rẹ̀ sọnù ni, irú rẹ̀ ló sì ń pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìdajì tí wọ́n ń sọ. Òótọ́ ni pé ìtànṣán lè fa jẹjẹrẹ egungun lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Jámánì, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń parí àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń gún àwọn èèyàn ní abẹ́rẹ́ irú radium kan láti fi wo ikọ́ ẹ̀gbẹ tó wọ egungun àti àìsàn tó ń gan ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Nínú bí 900 èèyàn tí wọ́n tọ́jú, ó lé ní 50 tí jẹjẹrẹ egungun mú. Ní 1948, dókítà William Cahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kọ̀wé nípa èèyàn 11 tí jẹjẹrẹ yọ nínú egungun wọn, níbi tí ìtànṣán ti kàn wọ́n.

Ṣé ẹ rí i? Àwọn dókítà tẹ́ ẹ ní wọ́n ń fi nǹkan pa mọ́ fún wa, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1948! Ìtànṣán máa ń ba ohun tó ń darí ẹyọ ara jẹ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹyọ ara tó yè nínú egungun tó wà nítòsí lè gba ọgbẹ́ tí kò jinná dáadáa, kó wá ṣìwà hù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí awo níbẹ̀.

Ó yá, ìdajì tí wọ́n gé sọnù ńkọ́?

Èkíní, mélòó ló ń ṣe? Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú ọmú wọn, àwọn tí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ ń yọ níbi tí ìtànṣán kàn kò tó ẹyọ kan nínú 100.

Èkejì, ìgbà wo ló ń ṣe? Ó sábà máa ń gbà tó ọdún 10, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tí jẹjẹrẹ àkọ́kọ́ bá pa lọ́dún kejì, ibo ló ti fẹ́ rí ọdún kẹwàá?

Ẹ̀kẹta, kí ni ẹni tó sá fún ìtànṣán ń pàdánù? Ní 2011, wọ́n gbé èsì àyẹ̀wò 17 jáde pa pọ̀, ó lé ní 10,000 obìnrin tó wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ yọ jẹjẹrẹ fún gbogbo wọn láìgé ọmú wọn kúrò. Láàárín ọdún 10, nínú 100 àwọn tí kò gba ìtànṣán, jẹjẹrẹ padà sára èèyàn 35. Nínú 100 àwọn tó gbà á, 19 ni. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n: èèyàn 16 bọ́ lọ́wọ́ ewu ńlá, kò sì tó ẹyọ kan tó kó sínú ewu kejì. Èwo lẹ wá ń dẹ́rù bà wá sí?

Ti ẹnu ilé ọmọ tún le jù bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn arábìnrin wa kì í tètè dé ọsibítù. Nígbà tí àìsàn náà bá ti kọjá ibi tí ọ̀bẹ lè dé, ìtànṣán pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ ni ìtọ́jú tó kù. Ẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi dípò?

Àwọn tí ewu náà pọ̀ fún jù wà, mi ò ní bò ó: àwọn ọmọ kéékèèké, pàápàá àwọn tó jogún jẹjẹrẹ ojú. Nítorí náà ni àwọn dókítà fi ń sá fún ìtànṣán lára àwọn ọmọ yẹn bí ọ̀nà mìíràn bá wà. Òbí, béèrè ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́ dókítà. Má sá kúrò lọ́dọ̀ dókítà.

Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé Hesekáyà, síbẹ̀ wòlíì ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé ojú oówo rẹ̀. Lúùkù tó bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni. Ta ló wá kọ́ wa pé ìgbàgbọ́ àti ìtọ́jú ń bára wọn jà?

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìtọ́jú tán, tí ẹ ti jẹ́rìí, ẹ gbọ́ tiyín. Bí egungun bá ń dùn yín níbi tí ìtànṣán ti kàn yín, ì báà jẹ́ ìhà, èjìká tàbí ìbàdí, tí kò lọ, tó ń jí yín lóru, tàbí tó wú, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ọfà ayé ni. Ọdún 10 tàbí 20 kò pọ̀ jù. Ẹ sọ fún dókítà tààrà pé, “Wọ́n ti fi ìtànṣán tọ́jú ibí yìí rí.” Bí ẹ ò bá sọ, ó lè rò pé làkúrègbé ni, kó fún yín ní oògùn ara ríro. Gbogbo ìrora kọ́ ni jẹjẹrẹ o! Jẹjẹrẹ àtijọ́ náà sì lè rìn wọ egungun, èyí yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ tuntun, ìtọ́jú wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. X-ray, scan, àti kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò ló máa fi ìyàtọ̀ hàn. Bí wọ́n bá tètè rí i, tó ṣeé gé kúrò, ìrètí wà.

Ẹ tọ́jú ìwé yín náà: ibi tí wọ́n tan ìtànṣán sí, ìwọ̀n rẹ̀, ọdún tí wọ́n ṣe é.

Ẹ̀yin ọsibítù, ẹ̀bi tiyín wà níbẹ̀. Ẹ máa ń ní kí aláìsàn tọwọ́ bọ̀wé láìṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀. Àlàfo tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ yẹn ni àwọn wòlíì èké ń bá wọlé. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn lédè tí wọ́n gbọ́.

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, bẹ́ ẹ bá lé ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin kúrò ní ọsibítù, tó sì kú, ṣé ẹ̀yin lẹ máa san owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀? Ẹ gbàdúrà fún un. Ẹ gbààwẹ̀ fún un. Ẹ fún un lówó ọkọ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń tan ìtànṣán náà.

Olúwa yóò wo gbogbo aláìsàn inú wa sàn. Òun yóò fún wa ní ọgbọ́n tí kò ní jẹ́ ká fi ẹnu ara wa pa ará wa. Ní orúkọ Jésù.

Bó o bá mọ ẹni tó fẹ́ sá fún ìtọ́jú, fi èyí ránṣẹ́ sí i lónìí. Jẹ́ kí n gbọ́ Àmín rẹ.