Ajá Tó Wọ Inú Ife Tíì

Láti ìgbà tá a ti wọlé ní sáà yìí, ọ̀rọ̀ ajá kékeré tí wọ́n ń pè ní teacup ni gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ń sọ. Ẹ ti rí fọ́tò náà: ajá jókòó sínú ife tíì, ojú rẹ̀ rí rogodo. Ó wu èmi náà, mi ò ní purọ́. Àmọ́ tèmi ni pé ká má bẹ àwọn òbí wa kí wọ́n rà á.

Kò sí ìran ajá tó ń jẹ́ teacup. Chihuahua wà, Mẹ́síkò ló ti wá. Yorkshire Terrier wà, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ajá kékeré ni wọ́n lóòótọ́, Chihuahua tó dàgbà máa ń wọn nǹkan bíi kílò 2 sí 3, wọ́n sì lè lò ju ọdún 12 lọ láyé. Ṣùgbọ́n teacup, orúkọ ọjà lásán ni. Ọmọ ajá tó rán jù nínú gbogbo ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí, èyí tí kò lókun, ni wọ́n máa ń mú, wọ́n á jẹ́ kó gun òmíràn tó rí bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè bí èyí tó tún kéré sí i. Àwọn kan kì í dẹ̀ẹ́ fún un lóúnjẹ yó. Àwọn mìíràn á tètè já a lẹ́nu ọmú, wọ́n á wá ní ó ti pé oṣù 3, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó lo ọ̀sẹ̀ 8, ó kéré tán, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Eyín 42 ni ajá ńlá ní, 42 náà lòun ní. Ẹnu wo ló fẹ́ kó o sí? Àwùjẹ̀ rẹ̀ lè má dí títí ayé, omi lè gbára jọ sínú ọpọlọ rẹ̀. Tó bá bẹ́ sílẹ̀ látorí àga, ẹsẹ̀ lè kán. Òtútù ńkọ́? Àwa tá à ń wọ súwẹ́tà méjì ní Jos nígbà ọyẹ́! Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní Vom níbí lè gba ajá lọ́wọ́ àrùn dìgbòlugi, àmọ́ kò sí abẹ́rẹ́ tó ń dí àwùjẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ebi. Ikùn rẹ̀ kéré débi pé tí wákàtí bíi mẹ́rin bá kọjá tí kò jẹun, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè wálẹ̀, á máa rìn bí ọ̀mùtí, gìrì á mú un. Àǹtí mi kan ní Abuja ra ọ̀kan lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, ajá ti tutù. Oúnjẹ ṣì wà nínú abọ́ rẹ̀. Dókítà ẹran ní ṣúgà ló wálẹ̀. Ẹni tó tà á fún wọn ò gbé fóònù mọ́.

Ẹ óò ní ẹ máa tọ́jú tiyín dáadáa. Ìgbà wo? Oṣù mẹ́ta la máa ń lò níbí kí wọ́n tó ṣí géètì fún wa. Mọ́mì ló máa fún un lóúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, àbí ta ni?

Ajá ilé wa lásán, irú Bíngò tó ń gbó olè, ó tó mi. Ẹni tí dádì rẹ̀ bá ti ṣèlérí, kó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rí ìyá ajá náà, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kí wọ́n tó sanwó. Tí ẹni tó ń tà á ò bá gbà, kí wọ́n máa bọ̀ nílé.