Ọmọ Tí À Ń Pè Ní Olódo

Ẹ̀yin ará Ijio, àti ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn gbogbo, láti Ṣakí dé Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dá lé orí orúkọ kan tí a fi ń pe àwọn ọmọ wa: olódo. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Kò tíì lò ju sáà kan lọ ní kíláàsì kìíní, a ti fún un ní orúkọ tí baba rẹ̀ kò sọ ọ́ ní ọjọ́ ìkómọjáde, orúkọ náà a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn ju èyí tí a fi oyin àti iyọ̀ sọ ọ́ lọ. Àwa kò lè dákẹ́, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí a ń pè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olódo rárá; ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ni kì í ṣe ibi tí wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú kíláàsì kìíní tí a lè bá ní ìlú tí ó wà nítòsí ààlà bí Ijio, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà. Ọmọ kan jókòó níwájú tí ó ti lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì ti mọ a, b, d dé ìparí. Ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò di ẹfun mú rí láyé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rán an lọ ta èlùbọ́, kò ní fi kọ́bọ̀ kan sílẹ̀ fún oníbàárà. Ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Fúlàní. Èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kì í ṣe ti olùkọ́. Ẹ̀kẹrin ti gbé lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ilé-ìwé. Ẹ̀karùn-ún kò rí ohun tí a kọ sí ojú pátákó, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ṣe ń ríran. Ẹ̀kẹfà a máa pàdánù ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà tí iṣẹ́ oko bá pọ̀. Gbogbo wọn, ìbáà jẹ́ ogójì, ìbáà jẹ́ ọgọ́ta, ni a kó lé olùkọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́. Olùkọ́ náà yóò kọ ohun kan sí pátákó, yóò ní kí wọ́n pè é tẹ̀lé òun. Ariwo yóò sọ, inú olùkọ́ yóò dùn, alábẹ̀wò tí ó bá ń kọjá lọ yóò sì rò pé ẹ̀kọ́ ń lọ ní pẹrẹu. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe àwọn ọmọ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ka pátákó. Ohùn ẹnìkejì wọn ni wọ́n ń tẹ̀lé.

Àwọn baba wa kò kọ́ ọmọ níṣẹ́ báyìí. Ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ wo ibi tí a ti ń hun aṣọ òfì. Ọ̀gá kì í béèrè ọjọ́ orí ọmọ kí ó tó mọ iṣẹ́ tí yóò fún un. Ọwọ́ ọmọ náà ni ó ń wò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa ká òwú. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ti yá díẹ̀ a máa ta á. Ó pẹ́ kí ó tó jókòó sí ìdí òfì, bí ó bá sì jókòó, aṣọ tí kò ní ọnà ni yóò kọ́kọ́ hun. Bí ọmọ ọdún méjìlá bá ṣì ń ká òwú, tí ọmọ ọdún mẹ́wàá sì ti wà ní ìdí òfì, ọ̀gá kò ní torí èyí lé ẹni àkọ́kọ́ padà sílé. A mọ̀ pé ìka kò dọ́gba. Nígbà tí ó di ti ilé-ìwé, a gbàgbé ohun tí a mọ̀.

Kí a má ṣe di ẹ̀bi náà ru olùkọ́ nìkan. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ láìgba owó, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé ní ọdún náà sì ju 800,000 lọ. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò ní yé dúpẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni a yí padà, a kò yí ọ̀nà ìkọ́ni padà tó bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, olùkọ́ a máa bá àwọn tí orí wọn yá lọ, ẹni tí kò bá lè tẹ̀lé wọn a sì padà sí oko baba rẹ̀. Lónìí olùkọ́ ṣì ń bá àwọn tí orí wọn yá lọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kù kò padà sí oko mọ́. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n jókòó sí fún ọdún mẹ́fà.

Àwọn ará Íńdíà bá irú ìṣòro yìí pàdé, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pratham, tí a dá sílẹ̀ ní Mumbai ní ọdún 1995, yan àwọn ọ̀dọ́bìnrin àdúgbò tí kì í ṣe olùkọ́ ìjọba, wọ́n sì ní kí wọ́n máa mú àwọn ọmọ tí ó ti rẹ̀yìn jáde kúrò nínú kíláàsì fún wákàtí méjì lójúmọ́, kí wọ́n máa kọ́ wọn ní ohun tí ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ ní kíláàsì kìíní àti èkejì. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti ọrọ̀-ajé ní 2019, bá wọn wo àbájáde iṣẹ́ náà: àwọn ọmọ náà tẹ̀síwájú, àwọn tí ó wà lẹ́yìn pátápátá ni ó sì jèrè jùlọ. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n mọ̀, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn. Ìdánwò tí wọ́n fi ń pín wọn kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ fún ọmọ kan. Ǹjẹ́ ó mọ lẹ́tà? Ǹjẹ́ ó lè ka ọ̀rọ̀ kan? Gbólóhùn ńkọ́? Ìtàn kúkúrú ńkọ́? Ibi tí ọmọ bá dúró sí ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Nítòsí wa níhìn-ín, ilẹ̀ Ghana fi àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò dán irú ètò yìí wò láàárín 2010 sí 2013, ó sì so èso rere.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni èyí tí ó kàn yìí bá wí. Ní ọdún 2025, Banerjee àti Duflo pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ tí ń tajà ní Kolkata àti Delhi. Àwọn ọmọ wọ̀nyí a máa ṣírò owó ọjà oríṣiríṣi lórí wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ ìṣirò tí ó rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìwé bíi ti ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ṣe é. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí kò tajà ṣe ti ìwé dáadáa, ti ọjà ni ó dà wọ́n láàmú. Àwa fúnra wa ti gbọ́ tí ìyá kan ń sọ pé ọmọ òun kò mọ ìṣirò rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan náà ń fún oníbàárà ní ṣéńjì níbẹ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìmọ̀ wà lórí ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ó la ọ̀nà láti ọjà dé ilé-ìwé fún un. Olùkọ́ tí ó bá fi kóró kaṣú àti ìdì iṣu kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó kọ iye sójú pátákó kò fi àkókò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn kíláàsì kẹta lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé àṣẹ náà, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Àwa kò rí ọgbọ́n tí ó wà nínú ìyípadà yìí. Ọmọ Ijio tí ó dákẹ́ nígbà tí a bi í léèrè ní Gẹ̀ẹ́sì lè ní ìdáhùn lẹ́nu ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́ fún ara wa pẹ̀lú: ọmọ Fúlàní tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, Yorùbá tiwa yìí ni Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ fún ọmọ tiwa, ó yẹ kí a rántí rẹ̀ fún un.

Ní ti ọmọ tí kò ríran dáadáa tàbí tí etí rẹ̀ wúwo, ìjókòó iwájú kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ láti máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, òfin tí a sì fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti fi àbùkù ara du ọmọ ní ẹ̀kọ́. Kí òbí má ṣe fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ilé.

A kò béèrè ohun tí ó ju agbára yín lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ti parí ilé-ìwé gíga wà láàárín ìlú. Bí àwọn oníṣòwò díẹ̀ bá dá owó jọ, a lè rí ẹnìkan tàbí méjì tí yóò máa bá àwọn tí ó rẹ̀yìn jókòó fún wákàtí kan lójúmọ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá tún pàdé, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òrùlé àti aṣọ ilé-ìwé dúró díẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé: nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta, mélòó ni ó lè fúnra rẹ̀ ka ìtàn kúkúrú kan ní Yorùbá? Bí kò bá mọ iye náà, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì yan ẹni méjì nínú yín tí yóò wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń pe àwọn ọmọ náà wá kàwé lọ́kọ̀ọ̀kan.